Ọtí Ìbílẹ̀ fún Òde Ńlá: Bí A Ṣe Ń Yàn Án, Bí A Ṣe Ń Ka Wákàtí Rẹ̀

Ẹni tó bá fẹ́ gbé ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ tàbí ọtí bàbà síwájú àlejò 300 ní Abẹ́òkúta, kó kọ́kọ́ mọ̀ pé ohun ẹlẹ́mìí ló fẹ́ gbé kalẹ̀. Ọtí ìgò lè wà nínú páálí fún oṣù mẹ́fà kó má yí padà. Ọtí tí a pọn nílé ń yí padà bí oòrùn ṣe ń rìn. Ó lè dùn láago 10 àárọ̀, kó máa ta lẹ́nu láago 3 ọ̀sán, kó sì ti kan kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń tọ́ ọtí wò lọ́sẹ̀ méjì ṣáájú òde, tí wọ́n yìn ín, tí wọ́n sanwó, tó sì wá jẹ́ pé ọtí kíkan ni àlejò bá lórí tábìlì. Ọtí kan náà ni. Wákàtí ló yàtọ̀. Ẹ fi wákàtí yan ọtí yín kí ẹ tó fi orúkọ yàn án.

Ooru Abẹ́òkúta ló ń mú ọtí sáré. Nínú yàrá tí tẹmọ́mítà bá ti ń ka 28 sí 32, ìwúkàrà kì í sùn rárá. Gbogbo wákàtí tí a bá dá sísàlẹ̀ yìí, irú yàrá bẹ́ẹ̀ la fi wọ̀n wọ́n. Lóṣù Kejì àti oṣù Kẹta, tí ooru máa ń mú jù, ẹ yọ nǹkan bíi wákàtí 6 kúrò. Lásìkò ọyẹ́, tí òru bá tutù, ẹ fi 6 sí 8 kún un.

Ọtí wo ló wà, ìgbà wo ló sì ń dùn jù

Ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ ló yẹ kó gba iwájú. Àgbàdo la fi ń pọn ọ́n. Ó fúyẹ́, àwọ̀ rẹ̀ dà bí oyin tí a pò mọ́ omi, agbára rẹ̀ sì máa ń wà láàárín ìdá 2 sí ìdá 4 nínú 100. Ẹni tí kò mu ọtí ìbílẹ̀ rí lè mu ún láìfajú ro. Láti ìgbà tí a bá ti fi ìwúkàrà sí i títí di wákàtí 24, ó ṣì dùn bí omi ìrèké. Láàárín wákàtí 36 sí 48, adùn rẹ̀ àti kíkan rẹ̀ á dọ́gba, á sì máa ta díẹ̀díẹ̀ lórí ahọ́n. Ibẹ̀ gan-an ni kí òde yín bọ́ sí. Tó bá ti kọjá 60, ẹni tó fẹ́ràn kíkan nìkan ló máa mu ún tán.

Ọtí bàbà pín sí méjì, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ta ọ̀kan fún yín ní orúkọ èkejì. Pito ni èyí tó ṣàn, tó pupa rúsúrúsú, tí a ti sẹ́ dáadáa; agbára rẹ̀ sún mọ́ ti ṣẹ̀kẹ̀tẹ́. Bùrùkùtù ni èyí tó ki, tí a fi gàrí sí. Ó ń tó ìdá 4 sí 6 nínú 100, a sì máa ń rò ó kí a tó bu ún. Bùrùkùtù dára púpọ̀ fún àṣálẹ́, nígbà tí àwọn àgbà bá ti jókòó sábẹ́ igi tí ìjókòó sì ti pẹ́. Ẹ má jẹ́ kó ṣáájú oúnjẹ. Ife méjì rẹ̀ ti tó yó ènìyàn, abọ́ láfún àti ẹran tí ẹ ti náwó lé lórí á sì padà sẹ́yìn bó ṣe wá.

Àgàdàgídí, tí a ń fi ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà tó ti pọ́n rakọrakọ ṣe, dùn, ó sì ń ta sánsán. Obìnrin tí kò fẹ́ ọtí kíkan máa ń yàn án. Àárín ọjọ́ kejì àti ìkẹta ló dára jù. Kì í fara da ìrìn àjò, nítorí ó ń hó púpọ̀, nítorí náà itòsí ibi òde ni kí ẹ ti ṣe é.

Ẹmu ọ̀pẹ àti ògùrọ̀ kò sí lábẹ́ ọtí pípọn. Àárọ̀ ọjọ́ òde ni kí ẹlẹ́mu gbé e wá láti oko, kí wọ́n sì mu ún tán lọ́jọ́ náà.

Ògógóró kò yẹ ní òde ńlá. Ẹ kò lè fi ojú, imú tàbí ahọ́n mọ èyí tí methanol, irú ọtí olóró kan, wà nínú rẹ̀. Lọ́dún 2015, ọtí tí methanol wọ̀ pa ènìyàn púpọ̀ ní agbègbè Òde-Ìrèlè ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, ó sì tún pa ènìyàn ní ìpínlẹ̀ Rivers lọ́dún yẹn kan náà. Ojú àwọn kan fọ́ kí wọ́n tó kú. Ìkìlọ̀ yìí kan ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ náà, nítorí àwọn kan máa ń da ògógóró sínú ọtí tí kò lágbára kó lè "gbéra". Tí ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ bá ń jó ọ̀nà ọ̀fun lọ sísàlẹ̀, ẹ má ra á. Kíkan ni ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ ń kan, kì í jóni.

Iye tó máa tó

Ẹ má fi iye àlejò nìkan ṣírò. Ní Abẹ́òkúta, ilé kan náà ni mùsùlùmí, onígbàgbọ́ àti ẹlẹ́sìn ìbílẹ̀ máa ń wà, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò sì ní fọwọ́ kan ọtí. Fún àlejò 300, ẹ fi 120 sí ẹni tó máa mu ọtí ìbílẹ̀, tí ọtí ìgò bá wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ẹ ka lítà kan fún ẹnì kọ̀ọ̀kan: ife mẹ́ta, tí ife bá gba ìdá kan nínú mẹ́ta lítà. Ìyẹn jẹ́ lítà 120. Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ìsàlẹ̀ kẹ́ẹ̀gì, èyí tó dà sílẹ̀ àti èyí tí àwọn agbọ́tí bá tọ́ wò á kó nǹkan bí ìdá 15 nínú 100 lọ. Ó di lítà 138, ìyẹn kẹ́ẹ̀gì mẹ́fà tó ń gba lítà 25.

Bí a ṣe máa pín in: kẹ́ẹ̀gì ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ mẹ́ta, ọtí bàbà méjì (pito kan, bùrùkùtù kan), àgàdàgídí kan. Tó bá jẹ́ òkú àgbà, tí ọ̀pọ̀ àlejò ti lé ní 60 ọdún, ẹ yọ àgàdàgídí, kí ẹ fi kẹ́ẹ̀gì bùrùkùtù kejì dípò rẹ̀. Tó bá jẹ́ ìgbéyàwó tí ọ̀dọ́ pọ̀ sí, ẹ yọ bùrùkùtù, kí ẹ fi ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ kún un. Oríṣi mẹ́ta tàbí mẹ́rin tó. Tó bá di márùn-ún, àlejò á máa tọ́ gbogbo rẹ̀ wò, ìdajì ife á sì máa ṣẹ́kù lórí gbogbo tábìlì.

Kí ẹ tó fọwọ́ sí ẹni tó máa pọn ọ́n

Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ṣáájú òde, ẹ ní kí apọntí pọn ìkòkò kékeré kan fún yín, lítà 5. Ẹ gbé e sílé yín, kì í ṣe ilé tirẹ̀, kí ẹ tọ́ ọ wò ní wákàtí 24, 36, 48 àti 60. Ẹ kọ ohun tí ẹ bá rí sínú ìwé: adùn, kíkan, ìhó, òórùn. Ìwé yìí ló máa sọ fún yín bóyá ọtí rẹ̀ ń tètè dé tàbí ó ń pẹ́, nítorí ọwọ́ apọntí kọ̀ọ̀kan yàtọ̀ síra. Ẹni tí ọtí rẹ̀ dùn jù ní wákàtí 30 lè pọn ọtí òde yín láìséwu, bó bá ti jẹ́ pé ẹ sún ọjọ́ tó máa sè é mọ́ ọjọ́ òde. Ẹ tọ́ ọ wò pẹ̀lú oúnjẹ òde náà pàápàá. Lẹ́yìn ìrẹsì ọ̀fadà àti ọbẹ̀ ata rẹ̀, ọtí tó dùn jù á dà bí omi ṣúgà lẹ́nu. Èyí tó kan díẹ̀ ló ń fọ ata kúrò.

Ẹ wo ibi tó ti ń pọn ọtí. Ìkòkò amọ̀, ìkòkò alumíníọ̀mù tó nípọn, irin aláìdípatà àti kẹ́ẹ̀gì oúnjẹ dára. Bákẹ́ẹ̀tì páànù tó ń dán kò dára rárá: kíkan inú ọtí máa ń jẹ síńkì ara rẹ̀, èébì àti inú rírun ló ń tìdí rẹ̀ yọ. Ẹ má gba kẹ́ẹ̀gì tó ti gbé epo bẹntiróòlù, oògùn kòkòrò tàbí ọ̀dà rí, bó ti wù kí wọ́n fọ̀ ọ́ tó. Kẹ́ẹ̀gì òróró kò léwu, ṣùgbọ́n òróró máa ń pa ìhó ọtí, òórùn rẹ̀ kì í sì í tán bọ̀rọ̀.

Bí ọtí bá ń rùn bí fínígà tí a fi ń ṣe sàláàdì, afẹ́fẹ́ ti wọ̀ ọ́ jù. Bó bá ń rùn bí oje tí wọ́n fi ń nu ọ̀dà èékánná, ooru ti pọ̀ jù nígbà tó ń hó. Bó bá ń fà bí ilá, kòkòrò mìíràn ti gba ipò lọ́wọ́ ìwúkàrà. Awọ funfun tó tẹ́ sórí ọtí bí aṣọ túmọ̀ sí pé kẹ́ẹ̀gì ṣí sílẹ̀ fún ọjọ́ púpọ̀. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni kí ẹ kọ̀. Kò sí oyin tàbí ṣúgà tó lè tún wọn ṣe.

Èéhù: ibi tí ọtí ti ń bàjẹ́ kó tó di ọtí

Bí ẹ bá máa pọn ọ́n fúnra yín, kẹ́ẹ̀gì ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ kan gba kílò 6 àgbàdo gbígbẹ. Kóńgò kan sún mọ́ kílò kan ààbọ̀, nítorí náà ó jẹ́ kóńgò mẹ́rin. Ṣùgbọ́n kóńgò ọjà kan kì í bá ti òmíràn dọ́gba, ẹ gbé e sórí ìwọ̀n. Nígbà tó bá hù tó sì gbẹ tán, nǹkan bíi kílò 5 ló máa kù.

Ní ọjà Kútọ̀ tàbí Láfẹ́ńwá, ẹ bèèrè àgbàdo ọdún yìí tí wọ́n fi oòrùn sá, tí kòkòrò kò tíì lu. Àgbàdo tí wọ́n fi iná gbẹ kì í hù. Èyí tó ní àwọ̀ pupa tàbí àwọ̀ ewé lára jẹ́ irúgbìn tí wọ́n ti fi oògùn pa mọ́, májèlé ni. Ẹ kò gbọ́dọ̀ fi ṣe ohun mímu. Kí ẹ tó ra púpọ̀, ẹ ka 100 hóró, kí ẹ rẹ ẹ́ mọ́jú, kí ẹ wé e sínú aṣọ tútù. Ní ọjọ́ kẹta, ẹ ka iye tó hù. Tí kò bá tó 90, ẹ wá òmíràn, nítorí hóró tí kò hù kò ní mú adùn wá, jíjẹrà ló máa jẹrà láàárín àwọn tó hù.

Ẹ rẹ ẹ́ fún wákàtí 36, kí ẹ máa pààrọ̀ omi ní wákàtí 8 sí 12. Tí ẹ kò bá pààrọ̀ omi, á máa rùn bí ògì tó ti bàjẹ́, hóró á sì mùmí kú. Lẹ́yìn èyí, ẹ tẹ́ ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ sílẹ̀ níbi tí oòrùn kò dé, kí ẹ tẹ́ àgbàdo sórí rẹ̀ kó ga tó ìka mẹ́ta, kí ẹ sì fi ewé bò ó. Ẹ máa wọ́n omi sí i láàárọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́, kí ẹ máa yí i padà kó má baà gbóná láàárín. Ọjọ́ 4 sí 5 ló ń gbà. Nígbà tí èéhù bá gùn tó hóró fúnra rẹ̀, ẹ dáwọ́ dúró. Tó bá gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ, èéhù á ti jẹ adùn tí ẹ ń wá.

Ẹ sá a sóòrùn fún ọjọ́ méjì títí hóró á fi máa ró kaka lẹ́nu. Lásìkò òjò, èyí ni ẹ̀rù tó tóbi jù: èéhù tí kò gbẹ láàárín ọjọ́ mẹ́ta á bu, bí búrẹ́dì tó ti pẹ́ ṣe ń bu. Ẹ da gbogbo èyí tó bu nù. Májèlé inú àgbàdo tó bu kì í kú sínú omi gbígbóná, bó ti wù kí iná pọ̀ tó. Tí oòrùn kò bá dá yín lójú, ẹ ra ọ̀rá tó funfun, kí ẹ fi kọ́ àtíbàbà kékeré tí afẹ́fẹ́ ń gbà kọjá, kí ẹ sì fi ọjọ́ mẹ́ta kún àkókò yín.

Fún ọkà bàbà, ohun kan wà tí a kò gbọ́dọ̀ fojú fò. Èéhù àti gbòǹgbò rẹ̀ ní èròjà tó ń di sáyánáìdì. Tó bá ti gbẹ tán, ẹ fi ọwọ́ méjèèjì ra á dáadáa, kí ẹ fẹ́ ẹ bí ẹni ń fẹ́ ẹ̀pà, kí èéhù àti gbòǹgbò kúrò kí ẹ tó lọ̀ ọ́. Ọtí rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ hó lórí iná fún wákàtí púpọ̀, láìdé ìkòkò pa.

Ìkòkò Ọjọ́bọ̀

Tí òde bá jẹ́ ọ̀sán Àbámẹ́ta, àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ lẹ máa sè é, ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀ láago 6 lẹ máa fi ìwúkàrà sí i. Láago 12 ọ̀sán Àbámẹ́ta, ó ti pé wákàtí 42. Ẹ ka gbogbo nǹkan padà sẹ́yìn láti ibẹ̀: Ọjọ́rú ni lílọ̀, Ọjọ́ Ajé àti Ìṣẹ́gun ni sísá, Ọjọ́rú ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ni títẹ́ sórí ewé, ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́ Ajé ọ̀sẹ̀ yẹn kan náà ni rírẹ. Ọjọ́ 12 gbáko.

Ìṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù nínú pípọn ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ ni pé wọ́n ń da gbogbo ìyẹ̀fun èéhù (àgbàdo tó hù, tó gbẹ, tí a lọ̀) sínú omi híhó lẹ́ẹ̀kan náà. Ohun tó ń sọ ìyẹ̀fun di adùn wà nínú èéhù yẹn, omi híhó sì ń pa á. Ohun tí ẹ máa rí ni ẹ̀kọ tó ki, tí kò dùn, tí kò sì ní lágbára. Tí ẹ kò bá sì gbé e kaná rárá, ìyẹ̀fun àgbàdo kò ní jiná, kò ní ṣí sílẹ̀, adùn rẹ̀ á wà nínú rẹ̀. Ọ̀nà àbáyọ ni pé kí a yọ omi orí rẹ̀ sápá kan kí iná tó kàn án.

Ẹ po kílò 5 ìyẹ̀fun èéhù pọ̀ mọ́ lítà 20 omi tútù. Ẹ rò ó, kí ẹ fi sílẹ̀ fún wákàtí méjì kó tòrò. Ẹ rọra bu lítà 10 omi orí rẹ̀ sínú bákẹ́ẹ̀tì tó mọ́, kí ẹ dé e. Nínú omi yìí ni ohun tó ń mú adùn jáde wà. Ẹ gbé èyí tó ki kaná, kí ẹ máa rò ó kó má jóná, títí á fi jiná bí ògì, nǹkan bí ìṣẹ́jú 40. Ẹ sọ ọ́ kalẹ̀. Ẹ wá rọra da omi tútù ìṣáájú padà sí i, kí ẹ sì máa rò ó. Ohun híhó àti omi tútù tó fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba yìí máa ń bọ́ sí nǹkan bí 65 lórí tẹmọ́mítà, ìwọ̀n tí adùn ń jáde jù, láìsí pé ẹ ra tẹmọ́mítà. Ẹ dé ìkòkò náà, kí ẹ fi àpò tó nípọn wé e, kí ẹ fi sílẹ̀ fún wákàtí méjì.

Lẹ́yìn wákàtí méjì, ó gbọ́dọ̀ dùn, kó sì ti ṣàn ju bó ṣe wà lọ. Bí ẹ bá fẹ́ ẹ̀rí tó dájú, ẹ ra áyódìn ní ilé oògùn, kí ẹ kán ẹ̀kán kan sórí ṣíbí omi náà lórí àwo funfun. Tó bá di dúdú bí aró, ìyẹ̀fun ṣì pọ̀ nínú rẹ̀: ẹ fi wákàtí kan kún un. Tí àwọ̀ áyódìn kò bá yí padà, ó ti tó. Ẹ da èyí tí ẹ fi dán an wò nù.

Ẹ fi asẹ́ àti aṣọ funfun sẹ́ ẹ, kí ẹ fi lítà 12 omi gbígbóná ṣan eèrí rẹ̀. Ẹ wá gbé omi dídùn náà kaná kó hó fún wákàtí kan gbáko. Ìkòkò yìí ni kí ẹ fi èròjà sí bí ẹ bá fẹ́: orógbó méjì tí a fọ́ á fún un ní kíkorò díẹ̀ tó máa pa adùn àpọ̀jù, ata ilẹ̀ kò burú, ṣùgbọ́n kó má ju ìka kan lọ.

Ẹ gbé ìkòkò náà sínú ọpọ́n omi tútù, kí ẹ máa pààrọ̀ omi náà títí ara ìkòkò á fi lọ́ wọ́ọ́rọ́. Tí ẹ bá fi ìwúkàrà sí i nígbà tó ṣì gbóná, ẹ ti pa á. Ife kan gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ọtí rere tí kò tíì ju ọjọ́ mẹ́ta lọ tó, tàbí ṣíbí ìmutíì mẹ́ta yíìsì búrẹ́dì. Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ń fún ọtí ní kíkan tí àgbà mọ̀. Yíìsì búrẹ́dì ń yá, adùn rẹ̀ sì ń jọra nígbà gbogbo. Fún òde ńlá, tí kẹ́ẹ̀gì mẹ́ta gbọ́dọ̀ bára dọ́gba, yíìsì la fara mọ́.

Kẹ́ẹ̀gì gbọ́dọ̀ mọ́ ju bó ṣe mọ́ lójú lọ. Lẹ́yìn ọṣẹ, ẹ fi ṣíbí ìjẹun kan jíìkì sínú lítà 4 omi, kí ẹ fi ṣan inú rẹ̀, kó wà níbẹ̀ fún ìṣẹ́jú 10, kí ẹ sì fi omi tó ti hó rí ṣan án lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ má fi jíìkì pò mọ́ fínígà tàbí oògùn ìfọlé kankan. Èéfín rẹ̀ ń pa ẹ̀dọ̀fóró lára.

Bùrùkùtù kò nira tó bẹ́ẹ̀: ìwọ̀n méjì bàbà tó ti hù, tí a ti fẹ́ tí a sì lọ̀, ìwọ̀n kan gàrí, ìwọ̀n mẹ́fà omi. Ẹ pò ó láàárọ̀ Ìṣẹ́gun, kí ẹ sè é fún wákàtí mẹ́rin láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀, kó tutù, kó sì fi ọjọ́ méjì gbó. Fún àgàdàgídí, ẹ bó ọ̀gẹ̀dẹ̀, kí ẹ gé e, kílò kan sí lítà méjì omi tó ti hó tó sì tutù, ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀. Ẹ sẹ́ ẹ láàárọ̀ Àbámẹ́ta.

Lọ́jọ́ òde

Kẹ́ẹ̀gì ọtí kò gbọ́dọ̀ kún dé ẹnu. Ẹ fi àyè bíi lítà 2 sílẹ̀, kí ẹ sì dé ìdérí rẹ̀ láìfún un pa. Ọtí tó ń hó máa ń tú afẹ́fẹ́ jáde. Kẹ́ẹ̀gì tí a dé pa á wú bí ọ̀pọ̀lọ́, á sì bẹ́ sínú ọkọ̀. Ìgò gíláàsì léwu jù, nítorí àfọ́kù rẹ̀ ń fò sójú. Ẹ kìlọ̀ fún apọntí kó má fi ṣúgà sí i lọ́jọ́ tó fẹ́ gbé e wá, nítorí ṣúgà yẹn ló ń tún un jí.

Bí ọtí bá ń bọ̀ láti Ọ̀dẹ́dá tàbí Ọ̀sìẹ̀lẹ̀, gbígbọ̀n ojú ọ̀nà á ti ru gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ rẹ̀ sókè. Ẹ jẹ́ kó dé ní wákàtí 5 ṣáájú, kó jókòó síbi tó ṣókùnkùn, kó sì tòrò. Ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ àti pito, ẹ má mì wọ́n: ẹ bu tòkè, kí ẹ fi nǹkan bí lítà kan ìsàlẹ̀ sílẹ̀. Bùrùkùtù nìkan lẹ máa rò kí ẹ tó bu ún.

Ẹ má ju yìnyín sínú ọtí. Ẹ kò mọ omi tí wọ́n fi ṣe yìnyín ìta, yíyọ́ rẹ̀ sì ń sọ ọtí di omi láàbọ̀ wákàtí. Inú dúrọ́ọ̀mù tó kún fún yìnyín ni kí kẹ́ẹ̀gì wà, kílò 10 sí 12 yìnyín fún kẹ́ẹ̀gì kan, wákàtí mẹ́ta ṣáájú. Tútù mọ̀ níwọ̀n ló dára. Bó bá tutù bí omi inú fíríìjì, adùn rẹ̀ kò ní hàn lẹ́nu mọ́. Ẹ ṣí kẹ́ẹ̀gì kan lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ mu ún tán kí ẹ tó ṣí òmíràn. Tábìlì ọtí gbọ́dọ̀ wà lábẹ́ kánọpí, níbi tí oòrùn ọ̀sán kò ní yí dé. Ẹ lọ wo ibẹ̀ láago 3 lọ́jọ́ kan ṣáájú.

Sóbò àti kúnnú fún àwọn tí kò mu ọtí ní láti ní kẹ́ẹ̀gì tiwọn, ife tiwọn àti ẹni tó ń bù ú tirẹ̀, ní apá kejì kánọpí. Ẹ so aṣọ funfun mọ́ ọrùn kẹ́ẹ̀gì wọn, pupa mọ́ ti ọtí. Ẹ mọ̀ pé sóbò tí a fi ṣúgà àti èèpo ọ̀pẹ̀yìnbó sí, tó sì wà nínú oòrùn láti àárọ̀, òun náà á bẹ̀rẹ̀ sí í hó. Kì í ṣe sóbò mọ́ nígbà yẹn, ẹ ò sì gbọ́dọ̀ gbé e fún alùfáà tàbí ọmọdé. Àárọ̀ ọjọ́ òde ni kí ẹ sè é, kó sì wà nínú yìnyín tààrà. Ẹ sọ fún agbọ́tí pé aláboyún, ẹni tó ń lo Flagyl àti ẹni tó máa wa ọkọ̀ kò sí lára àwọn tí a ń fi ọtí lọ̀.

Èyí tó bá ṣẹ́kù lálẹ́, ẹ má pín in fún àlejò gbé lọ sílé nínú ìgò. Ẹ yọ ife gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ kan láti inú kẹ́ẹ̀gì tó dùn jù, kí ẹ gbé e sínú fíríìjì fún ìkòkò tó ń bọ̀ láàárín ọjọ́ mẹ́ta. Eèrí Ọjọ́bọ̀, bí ẹ bá ti sá a gbẹ, adìẹ àti ewúrẹ́ ló ni ín. Kí ẹ sì fọ kẹ́ẹ̀gì mẹ́fẹ̀ẹ̀fà lóru yẹn kan náà, torí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ tó bá gbẹ mọ́ ọn lára di àárọ̀, kànǹkàn kò ní lè yọ ọ́.